Ta Ni Ó Tẹ "Jùjú" Dó?

Orúkọ àdúgbò a máa sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ "Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó" ní agbègbè Súrùlérè, ní ìlú Èkó, kò nílò kí òpìtàn kan jókòó tì í kí ó tó mọ ẹni tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ìdó ni ibi tí ènìyàn pàgọ́ sí. Títẹ̀ ẹ́ ni fífi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ náà sì sọ ọ́ gbangba pé Ìjẹ̀ṣà ni ó ṣe é. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń wo ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kí a tó sọ ilẹ̀ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àti gbogbo ará Èkó pẹ̀lú, ń pè lójoojúmọ́, tí kì í fi irú ojú gbangba bẹ́ẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ni jùjú. Ní ọjọ́ Sátidé, bí wọ́n bá ta kánópì sí ojú pópó, tí wọ́n to àga, tí gìtá àti gángan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn, àwọn ará àdúgbò yóò sọ pé eré jùjú wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọmọ iléèwé kan bá rí igbá tí a fi epo àti obì sínú rẹ̀ ní oríta, tí ó sì fẹ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ohun tí ó rí, "juju" ni yóò kọ. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni, létòlétò. Ohun tí ó rí kì í sì í ṣe òògùn rárá, ẹbọ ni. Ní ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti gba ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé a gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹni tí kò tíì rí ilẹ̀ Áfíríkà rí lè sọ pé yàrá kan ní "juju" tí kò dára, ohun tí ó sì ní lọ́kàn kò ju pé ara òun kò balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, láàárín àwọn oníṣòwò Òyìnbó àti àwọn tí wọ́n ń bá wọn ṣòwò. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi ẹnu kò lórí orírun rẹ̀. Àwọn kan gbà pé láti inú èdè Faransé ni ó ti wá, láti inú "joujou", èyí tí í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Mary Kingsley, arábìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó rin ìrìn àjò ní etíkun wa ní 1893 àti 1895, wà lára àwọn tí wọ́n gba èyí gbọ́. Ó sì tẹnu mọ́ ọn nínú ohun tí ó kọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè mìíràn, pàápàá ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí èdè Haúsá, níbi tí ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọ́ ti dúró fún ẹ̀mí búburú tàbí ohun tí a ń bọ.

Èwó nínú méjèèjì ni ó jóòótọ́? Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n pàdé lẹ́nu àwọn oníṣòwò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjà kì í ní bàbá kan ṣoṣo. Èyí tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ni ojú tí àwọn tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà fi ń wo ohun tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Ọ̀rọ̀ "fetish" tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Potogí, tí wọ́n ń pe oògùn àti oǹdè ní "feitiço", ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Látìn jáde, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí a fi ọwọ́ ṣe. Potogí wo ère, ó ní ohun àfọwọ́ṣe ni. Bí ti Faransé bá jẹ́ òótọ́, òun wo ère kan náà, ó ní ohun ìṣeré ni. Kò sí ẹni tí ó bi onílé léèrè orúkọ tí òun fún un.

Bí wọ́n bá sì béèrè, ìdáhùn ìbá gùn. Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó kó gbogbo nǹkan wọ̀nyí pọ̀ bí ẹrù igi. Òògùn ni orúkọ tí ó gbòòrò jù, ṣùgbọ́n òògùn náà ni èyí tí ń wo ibà sàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí àgbo tí a ń mu, àgúnmu tí a fi ń mu ẹ̀kọ, ètù tí a jó tí ó dúdú, àti àsèjẹ tí a ń sè bí ọbẹ̀. Ọgbọ́n ewé àti egbò ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí a ń fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe pè: àwúre ń wá ire fún ẹni tí ó ṣe é, ìsọ̀yè ń la iyè akẹ́kọ̀ọ́ (kò sí olùkọ́ kan tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́), òkígbẹ́ wà fún àdá, ayẹta wà fún ìbọn, àféèrí ń pa ènìyàn mọ́ kúrò lójú ọ̀tá, egbé ń gbé olówó rẹ̀ kúrò nínú ewu, mádàáríkàn ń dá ibi padà sí ẹni tí ó rán an. Àwọn mìíràn gba orúkọ wọn láti ibi tí a ń fi wọ́n sí: ìfúnpá wà ní apá, oǹdè sì wà ní ọrùn tàbí ní ìbàdí. Ti Mùsùlùmí ni tírà. Àwọn tí ó burú náà ní orúkọ tiwọn, tí a kì í sì í fi wọ́n ṣeré: mágùn, àsásí, májèlé. Ọfọ̀ àti ògèdè kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n. Ẹbọ tún yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ẹbọ ní ẹni tí a ń rú u sí. Òrìṣà sì ni ẹni náà, kì í ṣe nǹkan.

Ìyàtọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tí ó se májèlé àti ẹni tí ó se àgbo ibà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan náà lójú Yorùbá. Ọ̀kan yóò jẹ́jọ́, èkejì yóò gbowó ọ̀yà.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé pẹ̀lú ìbọn, ọ̀rọ̀ "juju" ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1897, wọ́n jó ìlú Benin. Nínú ohun tí àwọn ọ̀gágun wọn kọ àti àwọn àwòrán tí wọ́n yà, àgbàlá tí àwọn Ọba ti ń bọ àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n pè ní àgbàlá "juju", pẹpẹ ibẹ̀ sì di pẹpẹ "juju". Orí idẹ tí ó dúró fún Ọba kan tí ó ti wàjà, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìtàn, bọ́ sábẹ́ orúkọ yìí kí ó tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ìparí 1901 wọ́n kọjú sí Arochukwu ní ilẹ̀ Ìbò. Ibini Ukpabi ni àwọn onílẹ̀ ń pe òrìṣà tí ń dá ẹjọ́ níbẹ̀. "Long Juju" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é, orúkọ yìí ni ó sì wọ inú ìwé ìjọba àti ìwé ìtàn. A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan ni ó fa ogun. Owó àti agbára ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi iná sun ohun tí a ti pè ní ohun ìṣeré ju ohun tí a pè ní ojú oórì ọba lọ.

Láti ojú ogun ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn tí Lugard ti pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ìjọba rẹ̀ gbé ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn jáde ní 1916. Nínú ìwé yìí ni abala kan wà lórí àjẹ́, "juju" àti oògùn ìkà. Ní ìpín 210, òfin náà sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lè tọ́ sí ẹni tí ó bá ṣe "juju" tàbí tí ó tà á, tí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí ó ní ẹ̀tọ́ sí. Kò sí àléébù nínú pé kí òfin dáàbò bo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìpín kan náà síwájú, a ó rí i pé ó tún dá ẹni tí ó bá kópa nínú bíbọ "juju" tí ìjọba ti fi òfin dè lẹ́bi. Ohun tí a lè tà lọ́jà ní ìlà kan ti di ohun tí a ń bọ ní ìlà mìíràn. Èwo ni adájọ́ yóò gbà? Nínú ìwé òfin àpapọ̀ tí wọ́n tún tẹ̀ ní 2004, ìpín náà ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe Òfin Ìwà Ọ̀daràn tirẹ̀ láti 2011.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wà tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò ti lè tó. Dókítà Oguntọla Sápárà ni. Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1861, ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bọ́ orúkọ Òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì gba Sápárà. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba ní Èkó. Nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ènìyàn ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́ ní 1897, Sápárà fọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀nná láti mọ bí àrùn náà ti ń ràn. Ohun tí ó rí níbẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ènìyàn lè rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kórìíra gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń pè ní "juju". Kò rí bẹ́ẹ̀. Sápárà kan náà ni ó jókòó ti àwọn onísègùn, tí ó kọ́ ewé àti egbò lọ́dọ̀ wọn, tí ó sì ń fi àgbo Yorùbá tọ́jú aláìsàn. Ó mọ èyí tí ń pani yàtọ̀ sí èyí tí ń woni sàn. Èdè bàbá rẹ̀ ti là á yàtọ̀ fún un kí ó tó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ìtàn náà ti wá gba ọ̀nà mìíràn ni Olówógbowó, ní Erékùṣù Èkó, àdúgbò àwọn Sàró. Ní ìparí àwọn ọdún 1920 sí àwọn ọdún 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Túndé King ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ péjọ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń mu, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n sì ń kọrin. Akọ̀wé ni Túndé King. Ní 1910 ni wọ́n bí i, Sàró tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ìdílé rẹ̀. Òun ń ta gìtá-báńjò, ẹnìkan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn sì mú ìlù pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, irú èyí tí a bo ojú rẹ̀ kan ṣoṣo, tí a sì to irin wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ń dún bí ṣaworo. Èkó ti mọ irú ìlù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé, wọ́n sì tún rí i lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà tí ó dé Èkó ní 1920. Nígbà tí ó di 1936, ilé-iṣẹ́ Parlophone gba orin Túndé King sínú àwo. Orin náà ni jùjú.

Kí ni ó fà á tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀? Ìtàn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tí ń lu ìlù pẹlẹbẹ náà a máa jù ú sókè, a sì tún fi ọwọ́ hán an, àwọn òǹwòran a sì máa kígbe pé "Jù ú! Jù ú!" Àwọn mìíràn sọ pé dídún ìlù náà ni. Àwọn mìíràn tún sọ pé ẹ̀gàn Òyìnbó ni: pé ohunkóhun tí ọmọ onílẹ̀ bá ṣe, "juju" ni lójú àwọn ọ̀gá, nítorí náà ni orin wọn ṣe di "juju".

Ó yẹ kí a fi ohùn ọ̀rọ̀ yẹ ìtàn wọ̀nyí wò. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí sílébù àkọ́kọ́ nínú jùjú, ohùn òkè sì wà lórí èkejì. Bí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè ni ó sábà máa ń gba ohùn òkè: tísà, lọ́yà, mọ́tò, ṣọ́jà. Sílébù àkọ́kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi agbára pè nínú "juju". Bí ó bá jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀gá ni àwọn ọmọ Olówógbowó ti gbà á, ohun tí à bá máa retí ni "jújù", kì í ṣe jùjú. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n ẹnìkan lè dìde kí ó béèrè pé: kòkó ń kọ́? Lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá kòkó, ohùn rẹ̀ sì rí bí ti jùjú gẹ́lẹ́. Olúwarẹ̀ ní ẹjọ́ rò. A kò lè fi ohùn nìkan lé ọ̀rọ̀ Òyìnbó jáde kúrò nínú ìtàn náà.

Ìtàn jíjù ńkọ́? Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀-ìṣe "jù" ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ní ọ̀nà tí a mọ̀, "jíjù" ni a ó rí. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń sọ pé jùjú túmọ̀ sí "jíjù" kò tíì wo gírámà dáadáa. Ṣùgbọ́n igbe àwọn òǹwòran yàtọ̀. Arọ́pò orúkọ tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gba ohùn òkè: rà á, kà á, jù ú. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè: ó bá jùjú mu. Bí igbe kan bá di orúkọ, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ ní ojú agbo, kò sí ohun tí ó dí ọ̀nà rẹ̀ nínú èdè wa. Ìtàn tí ó bá ojú mu jù náà ni ó sì yẹ kí á fura sí díẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa wá ìtàn fún orúkọ lẹ́yìn tí orúkọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo wọn, òun ni ó dúró déédéé jù. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ní ó lè jẹ́ láti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ijó, pé "jó jó" ni. Fáwẹ̀lì rẹ̀ kò bá a mu, ohùn rẹ̀ kò bá a mu; ẹni tí ó kọ ọ́ kò bi Yorùbá kan léèrè.

Ohun kan wà tí ìwádìí ohùn kò lè dáhùn. Àwọn ọmọ Olówógbowó kì í ṣe ará oko. Akọ̀wé ni wọ́n, wọ́n ka Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n mọ ohun tí "juju" jẹ́ lẹ́nu ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì. Ibi yòówù kí orúkọ orin wọn ti wá, wọ́n mọ ohun tí Òyìnbó yóò gbọ́ bí wọ́n bá pè é, wọn kò sì pa á dà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwo.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ inú rẹ̀, gángan sì wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1940. Lẹ́yìn náà ni I. K. Dáíró dé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Ọ̀fà, tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, tí ó sì fi àkọ́díọ̀nù sínú eré rẹ̀. Ní 1963, Ayaba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá nítorí orin jùjú. Ní ọdún náà gan-an, ìpín 210 wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, lẹ́tà mẹ́rin náà sì wà nínú rẹ̀: nínú ìwé kan ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, nínú ìwé kejì oyè láti ààfin. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Sunny Adé jáde fún gbogbo ayé, "Juju Music" ni wọ́n sì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè Oxford tí a mẹ́nu bà lókè, orí ọ̀rọ̀ méjì ni "juju" ní, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún oògùn, bí ìbejì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ti orin ti rí àyè tirẹ̀. Ti òògùn ni kò tíì rí. Nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa, bàbáláwo tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá àti gbájúẹ̀ tí ó gba owó lọ́wọ́ opó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Òṣèré yóò sọ pé òun fẹ́ àwúre, "juju" ni yóò hàn nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n fún òun ní àféèrí, "juju" náà ni. Ìyá àgbà yóò ké pé wọ́n ti fi májèlé sínú oúnjẹ ọmọ òun, ẹni tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ yóò tún tẹ lẹ́tà mẹ́rin náà.